Ilé Ni Rílì Ti Ń Bàjẹ́
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ̀dún fún ẹgbẹ́ àwọn afìwọ̀pẹja ní Èkó

Kí n tó la ẹnu, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà níjokòó, nítorí ọ̀rọ̀ irin àti omi ni mo fẹ́ sọ, àwọn tó sì ti lo ọjọ́ ayé wọn láàárín irin àti omi kò ṣọ̀wọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí.

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ yín rán mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fọ rílì ìwọ̀ tí a sì ń fi epo sí i nínú ilé ẹni. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré fún irú àwùjọ yìí, pé àkísà kan àti epo díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn rílì tó ti gan pa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti sínú búùtù mọ́tò káàkiri ìlú yìí kì bá tí pọ̀ tó bí wọ́n ṣe pọ̀. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: rílì kì í sábà bàjẹ́ lójú omi, ilé ló ti ń bàjẹ́. Ẹja kúta lè já okùn mọ́ ọn lọ́wọ́, òkúta etí òkun lè họ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa á gan-an ń ṣiṣẹ́ lóru, nígbà tí ẹni tó ni ín ti jẹ ẹja tó pa tán tó sì ti sùn lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé ilé náà ni ìtọ́jú gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló sì gbọ́dọ̀ ti wá. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọmọ ta ni rílì?

Kí a tó mọ irú ìtọ́jú tó yẹ ohun kan, ó yẹ kí a béèrè ìdílé tó ti wá. Ní 1905, Alfred Holden Illingworth, ọkùnrin oníṣòwò irun àgùntàn ní Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rílì kan tí àgbá okùn rẹ̀ kì í yí. Okùn ló ń tú jáde wọ̀ọ̀ láti orí àgbá náà, gẹ́gẹ́ bí òwú ṣe ń tú kúrò lórí kẹ̀kẹ́ òwú nílé iṣẹ́ ahunṣọ. Ìyẹn ni bàbá ńlá gbogbo rílì alágbá-dídúró tí ọ̀pọ̀ yín ń lò. Ní Svängsta ní orílẹ̀-èdè Sweden, iléeṣẹ́ tí àwọn afìwọ̀pẹja mọ̀ sí ABU bẹ̀rẹ̀ ní 1921. AB Urfabriken ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju iléeṣẹ́ aago lọ. Aago àti mítà owó tasí ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó kọjú sí rílì. Ní Cluses ní ilẹ̀ Faransé, Carpano àti Pons, àwọn tó ń ṣe èèlò inú aago, ni wọ́n ṣe rílì Mitchell. Ní Sakai ní ilẹ̀ Japan, ní 1921 kan náà, Shimano bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kinní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tó ń dún tíkí-tíkí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi nígbà tí táyà ń yí lọ. Ọdún 1970 ni ó tó ṣí ẹ̀ka ohun èèlò ìpẹja. Ẹ wá wò ó: ọ̀kan ti ilé òwú wá, èkejì àti ẹ̀kẹta ti ilé aago, ẹ̀kẹrin ti ilé kẹ̀kẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti ilé àgbẹ̀dẹ ọkọ́ àti àdá wá. Kò sì sí aláàtúnṣe aago tó ń da epo sínú aago. Orí abẹ́rẹ́ ló fi ń kán an. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí a dì mú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn rílì tó kú lọ́wọ́ wa, àwa fúnra wa la fi epo rì wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ká mú rílì tí jíà rẹ̀ jẹ́ 5.2, ìyẹn ni pé bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ á yí ní ìgbà márùn-ún àti díẹ̀. Bí ìbú àgbá okùn rẹ̀ bá jẹ́ 45 mìlímítà, okùn tó ń wọlé ní ìyípo ọwọ́ kan jẹ́ bíi 73 sẹ̀ǹtímítà. Gbogbo okùn yìí ń gba orí rólà kékeré tó wà ní etí apá wáyà tó ń darí okùn sórí àgbá kọjá, rólà tí ìbú rẹ̀ kò ju 8 mìlímítà lọ. Ẹ pín in: rólà náà á yí ní bíi ìgbà 29 kí ọwọ́ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí ọwọ́ rílì ní ìgbà 1,000 láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohun tí kò nira fún ẹni tó ń ju ìwọ̀ tó sì ń fà á padà láìdúró, ti yí rólà yẹn ní ìgbà 29,000, okùn tó rin fún omi òkun ló sì ń fi yí i. Kinní tó kéré jù lára rílì ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, òun ni omi ń bá jù, òun náà sì ni ojú wa kì í tó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni kí òun tọ́jú bí àyè kò bá gba òun láti tọ́jú gbogbo rẹ̀, rólà ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Iyọ̀ kì í sùn

Omi òkun ní bíi 35 gíráàmù iyọ̀ nínú lítà kan. Bí omi tó kún ṣíbí ìmutíì kan bá wọ inú rílì, tí omi náà sì gbẹ, iyọ̀ tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ á tó 0.17 gíráàmù. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó jókòó síbẹ̀ bí erùpẹ̀. Iyọ̀ ìsebẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá 75 nínú 100, iyọ̀ magiṣíọ̀mù tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú òkun kò sì dúró de ìyẹn. Bí ọ̀rinrin bá ti lé ní 33 nínú 100 ló ti ń fa omi. Kò sí ìyálé ilé kan ní Èkó tí kò mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Iyọ̀ tí a kò dé lásìkò òjò á rin gbingbin nínú abọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó da omi sí i. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ní Èkó sì ń kọjá 80 nínú 100 ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ láàárín ọdún. Nítorí náà, ẹni tó nu ẹ̀yìn rílì rẹ̀ lásán tó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó rò pé ó ti gbẹ, ńṣe ló gbé omi òkun kékeré kan sùn. Ní gbogbo alẹ́ ni omi yẹn ń padà wá, ní gbogbo ọ̀sán ni ó ń gbẹ díẹ̀, kò sì lọ sí ibì kankan.

Ẹlòmíràn á bi mí pé, bó bá jẹ́ omi iyọ̀ ló ń pa irin, ṣé ojú omi kọ́ ni ìparun náà wà, níbi tí rílì ti ń wẹ̀ nínú rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, òpó irin etí èbúté sì lè dá wa lóhùn. Bí ẹ bá wo òpó irin tó ti pẹ́ nínú òkun, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tó wà nínú omi tọ̀sán tòru ló ti ń jẹ jù. Ibi tí ìgbì ń ta sí, tó ń rin tó tún ń gbẹ, ni irin ti ń ṣí bí èèpo. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ àti omi ní láti pàdé kí irin tó dógùn-ún, omi tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé lórí irin ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá wẹ́rẹ́ ju omi jíjìn lọ. Wákàtí mẹ́ta tí rílì fi wà létí òkun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà nínú ilé pẹ̀lú iyọ̀ lára.

Ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i nítorí pé irin inú rílì kì í ṣe oríṣi kan. Ara rẹ̀ lè jẹ́ alumíníọ̀mù, jíà kékeré àárín rẹ̀ idẹ, bíárìn rẹ̀ irin tí a ń pè ní aláìdógùn-ún. Nígbà tí omi iyọ̀ bá so irú irin méjì tó yàtọ̀ pọ̀, wọ́n á di bátìrì kékeré, èyí tí omi iyọ̀ ń tètè jẹ jù nínú wọn ni yóò sì máa san gbèsè fún ìkejì. Nínú rílì, alumíníọ̀mù ni gbèsè náà ń já lé lórí jù. Ìyẹfun funfun tí ẹ ń rí létí síkúrù rílì tó ti pẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí láti ìta. Ara rílì fúnra rẹ̀ ló ti di ìyẹfun. Ohun náà ló ń mú kí síkúrù gan mọ́ ibi tó wà títí orí rẹ̀ á fi gé. Ẹni tó bá fi gírísì tín-ín-rín ra ẹsẹ̀ síkúrù kó tó dè é padà ti la irin méjèèjì níjà kí wọ́n tó pàdé.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ní Asẹ́jìrẹ́, ní Ẹlẹ́yẹlé, ní ọ̀sà Lẹ́kí tí omi rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, ti ń rẹ́rìn-ín báyìí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Òótọ́ ni pé kò kàn wọ́n tó bó ṣe kan ará etí òkun. Ṣùgbọ́n yanrìn etí odò àti eruku ọyẹ́ kì í bi rílì pé omi wo lo ti wá. Yanrìn tó wọ inú gírísì á di ohun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń họ pákó, eyín jíà á sì máa họ ara wọn ní gbogbo ìyípo. Àwọn ará ọ̀sà Èkó ni kí wọ́n ṣọ́ra jù, nítorí omi wọn ní ìwà méjì. Lásìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń ti iyọ̀ padà sí òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á tún wọlé. Ẹni tó kọ́ àìnáání láti oṣù Agẹmọ, oṣù Ọ̀pẹ ni yóò san án.

Omi wo ni a fi ń fọ̀ ọ́?

Fífọ̀ ni ìtọ́jú tó ṣe kókó jù, ó sì rọrùn débi pé kò sí àwáwí. Bí a bá ti délé, kí a tó bọ́ aṣọ, kí a de bíréèkì rílì pinpin. Àwọn pẹlẹbẹ inú bíréèkì ló ń di ẹja mú tí wọ́n sì ń jẹ́ kí okùn lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹja bá ń fà. Bí wọ́n bá fara mọ́ra dáadáa, omi kì í rí àyè wọlé sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà, kí a da omi tó mọ́ sí i lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, kí a máa yí ọwọ́ rẹ̀, kí a rí i pé omi dé ara rólà. Ohun tí mo kórìíra ni kí a gbé rílì sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọmọ́tò tàbí kí a fi agbára tẹ ẹnu rọ́bà omi. Omi tó le á ti iyọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn wọ inú iyàrá. Rírì í sínú bàsíà náà kò dára, nítorí ibi tí omi bá gbà wọlé, kì í sábà gba ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn fífọ̀, kí a gbọ̀n ọ́n, kí a fi àkísà tó rọ̀ nù ún, kí a tú bíréèkì sílẹ̀ pátápátá kí àwọn pẹlẹbẹ rẹ̀ má baà tẹ̀ mọ́ra títí di ìjọ́ mìíràn, kí a gbé e síbi afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji. Ká má gbé e sínú ọ̀rá, ká má gbé e sí búùtù mọ́tò.

Wàyí o, omi tó mọ́ wo? Ní àwọn ibì kan létí òkun ní Èkó, kànga àti bóhóòlù ti ń mú iyọ̀ wá, nítorí omi òkun ti yọ́ wọ inú omi ilẹ̀. Ẹni tó ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ rílì ń fi ẹrẹ̀ fọ ẹsẹ̀ ni. Kí a tọ́ ọ wò. Bí ahọ́n bá ti mọ iyọ̀ nínú rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Omi ọ̀rá kan tàbí méjì tí à ń rà mu lójú pópó tó láti fọ rílì kan mọ́, bó bá ṣe pé ẹni tó ń dà á kò kánjú. Okùn náà kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé. Okùn híhun máa ń mu omi bí aṣọ, omi náà á sì dúró sí ìsàlẹ̀ àgbá, kó máa jẹ ẹ́ láti abẹ́. Àgbá nìkan, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára rílì tí a sì ti kó àwọn pẹlẹbẹ bíréèkì kúrò nínú rẹ̀, ni mo gbà pé kí a rì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìdajì wákàtí.

Epo pọ̀ lóríṣi

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, n ó sì dúró díẹ̀ níbẹ̀. Epo olómi wà fún ohun tó ń yí kíákíá tí ẹrù kò wúwo lórí rẹ̀: bíárìn, rólà, ìdí kókó tí ọwọ́ ń dì mú. Gírísì wà fún ohun tó ń yí jẹ́jẹ́ tí ẹrù rẹ̀ wúwo: eyín jíà àti ìdí àgbá. Kí ni gírísì gan-an? Epo náà ni, tí a fi irú ọṣẹ kan mú nípọn kó má baà ṣàn lọ. Ọṣẹ yẹn ń di epo mú bí kànìnkànìn ṣe ń di omi, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí irin bá tẹ̀ ẹ́. Bí a bá gbé gírísì sínú bíárìn kékeré, rílì á le, ìwọ̀ kò ní lọ jìnnà. Bí a bá gbé epo olómi sórí jíà, á ṣàn kúrò, eyín á sì máa jẹ eyín. Kì í ṣe pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Oníkálukú ló ní ìjókòó tirẹ̀.

Nípa ìwọ̀n, ẹ̀kán kan ṣoṣo ló yẹ bíárìn kan. Gírísì orí jíà kò gbọdọ̀ ju èyí tó bo eyín lọ, kí a ṣì lè rí àwọ̀ idẹ náà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àpótí rílì kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe ju pé kó di yanrìn mú, kó sì ṣàn dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ibi tí kò yẹ kó dé jù ni bíárìn ọlọ́nà-kan, èyí tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ rílì yí padà sẹ́yìn. Àwọn irin róbótó inú rẹ̀ ní láti há mọ́ irin àárín kí wọ́n tó lè dúró. Bí gírísì bá bò wọ́n, wọ́n á máa yọ̀, ọwọ́ á sì máa gba ẹ̀yìn lọ nígbà tí ẹja bá fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ju rílì tó ní àìsàn yìí nù, bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ kò ju kí a fi sípíríìtì fọ gírísì náà kúrò, kí ó gbẹ, kí a sì fi epo tó fẹ́lẹ́ pa á lára bí ìrì. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Irú epo wo? Epo ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn télọ̀ ń lò dára fún bíárìn àti rólà bí a kò bá rí epo rílì rà. Epo ilẹ̀ tó mọ́ ni, ó fẹ́lẹ́, kì í sì í dì. Epo ẹ́ńjìnì tí a ti lò, tí àwọn mẹkáníìkì máa ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, kò dára rárá: ẹ̀ẹ́dú àti ìyẹ̀ irin wà nínú rẹ̀. Gírísì mọ́tò lè ran jíà rílì ńlá tí a fi ń pẹja òkun lọ́wọ́ bí kò bá sí òmíràn, ṣùgbọ́n ó ki jù fún rílì kékeré. Ní ti pẹlẹbẹ bíréèkì, ohun tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ni kí a tẹ̀ lé. Bó bá wá ní gbígbẹ, kó wà ní gbígbẹ. Bí ti káábọ́nù bá wá pẹ̀lú gírísì tín-ín-rín, irú gírísì bíréèkì yẹn gan-an ni kí a fi padà.

Àwọn kan á sọ pé àwọn bàbá wa kò mọ epo ìgò, epo pupa àti àdín ni wọ́n fi ń ra irin, irin wọn sì pẹ́. N kò jiyàn. Àdá tí a fi epo pupa ra, a ń yọ ọ́ lójoojúmọ́, a ń pọ́n ọn, a ń nù ún. Epo àná kì í bá a di ọ̀la. Inú rílì kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tó wọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà fún oṣù mẹ́fà. Epo tó ti ara èso wá, ìbáà ṣe epo pupa, àdín tàbí òróró ẹ̀pà, máa ń kan bó bá pẹ́. Kíkan náà sì jẹ́ ásíìdì tó ń jẹ idẹ tí ó fi ń tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Òróró pàápàá á bá afẹ́fẹ́ ṣe títí yóò fi lẹ̀ bí oje igi. Ẹ wo ìdí páànù àkàrà tí a kò fọ̀ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ fi epo pupa júbà Ògún, kí ó dà á sí ojúbọ. Inú jíà rílì kì í ṣe ojúbọ.

Ohun kejì tí a máa ń gbọ́ ni WD-40. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: ní 1953 ni wọ́n ṣe é ní San Diego ní Amẹ́ríkà, láti lé omi kúrò lára irin, ìgbìyànjú ogójì wọn ló sì yọrí, ìdí nìyẹn tí 40 fi wà níbẹ̀. Ó dára fún síkúrù tó gan, ó dára fún lílé omi. Ṣùgbọ́n ó ń fọ gírísì kúrò níbi tí gírísì ti yẹ kó wà, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó fọ́n ọn sínú rílì tó sì gbà pé òun ti fi epo sí i ti ṣí ilẹ̀kùn fún iyọ̀. Bó bá ti fọ́n ọn, kó nù ún, kó wá fi epo gidi sí i.

Ṣé ó yẹ kí a tú u?

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó ní: mo lè fọ̀ ọ́, mo lè kán epo sí i, ṣùgbọ́n títú rílì kọjá agbára mi, alátùn-únṣe ló ni ín. Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú ìtọ́jú kò béèrè pé kí a tú ohunkóhun ju rólà, ọwọ́ àti àgbá lọ, ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe é. Fún ẹni tó ń pẹja lókun, ó yẹ kí a ṣí ẹ̀gbẹ́ rílì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ gírísì àtijọ́ kúrò, kí a nù ún gbẹ, kí a fi tuntun sí i. Ìyẹn náà ṣeé ṣe nílé. Kí a tẹ́ aṣọ funfun, kí a máa fi fóònù ya àwòrán ohun kọ̀ọ̀kan kí a tó yọ ọ́, kí a tò wọ́n sínú kíréètì ẹyin bí a ṣe yọ wọ́n, ti àkọ́kọ́ sínú ihò àkọ́kọ́. Síríìngì kékeré inú rílì máa ń fò bí ìrẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i nínú ọ̀rá ńlá tó mọ́ gaara kò ní máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíárìn ọlọ́nà-kan tó ti dì mọ́ ara rẹ̀, tàbí jíà tí eyín rẹ̀ ti jẹ, kí a gbé e fún alátùn-únṣe. Iṣẹ́ alátùn-únṣe ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìbàjẹ́ ti dé. Kò sí èyí tó ń gbé nínú ilé wa, kò sì sí èyí tó lè wá ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Sátidé láti da omi ọ̀rá sórí rílì ẹni.

Àwọn tó ra rílì olówó ńlá tí rọ́bà dí ẹnu rẹ̀ gbogbo máa ń sọ pé tiwọn kò nílò rẹ̀. Rọ́bà tó ń dènà omi kò jẹ́ kí omi wọlé. Bí ó bá wọlé lọ́jọ́ kan, rọ́bà yẹn náà ni kò ní jẹ́ kó jáde. Rọ́bà a máa gbẹ, a máa sán. Rólà rẹ̀ sì wà níta bíi ti gbogbo rílì. Ní ti ẹni tó ní òun á kúkú ra òmíràn nítorí pé tòun kò wọ́n, owó rẹ̀ ni, n kò lè bá a ná an. Ṣùgbọ́n rílì kì í kọ̀wé ránṣẹ́ kó tó gan. Ìgbà tí ẹja àpò tó tóbi jù lọ́dún bá ń fà ni bíréèkì tó ti dógùn-ún máa ń dì.

Ẹ̀wẹ̀, àgbà kan lè sọ pé okùn ọwọ́ lásán ni àwọn fi ń pẹja, okùn ọwọ́ kò sì béèrè epo. Òótọ́ ni. Kò sí bíárìn nínú okùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n àgbà yẹn kan náà kì í fi àwọ̀n rẹ̀ sínú ọkọ̀ kó rà. Á fọ̀ ọ́, á sá a sórí igi, á jókòó pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kó máa dí ojú tó já. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ rólà lẹ́yìn ìpẹja, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe.

Àwọn ìyá ti ń dín ẹja láti àárọ̀. Òórùn rẹ̀ ti ń dé ibí, ó sì ti sọ fún mi pé ó tó. Ẹni tó bá gbé rílì rẹ̀ wá, kí ó gbé e wá sórí tábìlì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn lẹ́yìn oúnjẹ, omi ọ̀rá àti epo télọ̀ wà níbẹ̀.